Ayétòrò: ọwọ́ èèyàn ló kọ́ ọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Àsìkò tí wọ́n fún mi ò pọ̀, torí náà ibi tó ń ká mi lára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé Igbókòdá, ẹ wọkọ̀ ojú omi, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi dé etí òkun. Ibẹ̀ ni Ayétòrò wà, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sọ̀tàn ìlú yẹn fún yín, àwọn kan á ní iṣẹ́ ìyanu ni, àwọn tó kàwé á ní kọ́múníísì ni, ètò òṣèlú tó ní kí dúkìá jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Mi ò gba ìkankan níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn fà á. Kọ́múníísì wo? Apẹja ló pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1947, ọmọ ìjọ aládùúrà tó jáde látinú Kérúbù àti Séráfù. Inú Bíbélì ni wọ́n ti rí i, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí àwọn tó gbàgbọ́ ti ní ohun gbogbo ṣọ̀kan. Àpọ́sítélì Mímọ́ náà ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ará ilé wọn ṣenúnibíni sí wọn torí wọ́n kọ̀ láti bá àwọn yẹn pa ìbejì, wọ́n kọ̀ láti bọ ohun tí àwọn yẹn ń bọ, ni àwọn ọmọ ìjọ yìí bá kẹ́rù.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹrẹ̀ ni! Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé ilé lé e, pákó ni wọ́n tò ṣe títì, wọ́n gbẹ́ kánáàlì kí ọkọ̀ lè rọ́nà wọlé. Ẹni tó bá pẹja, àpò kan náà ló ń dá owó ẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù, àpò yẹn ló ń bọ́ wọn, òun ló ń daṣọ bò wọ́n, òun ló ń kọ́lé fún wọn. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Apẹja tó dá wà, táá yá owó kó tó ra àwọ̀n, ẹni tó yá a lówó ló ń jèrè ẹja. Àwọn yìí ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èrè ẹ̀ dúró sílé, òun ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ránṣọ, nígbà tó fi máa di 1953 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Ẹ má pè é níyanu mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é ni.

Alága ti ń wo aago. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, wọ́n gbà kí kálukú máa ṣòwò tiẹ̀. Ìyẹn náà ní ìtàn tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọmọbìnrin kan wá dìde lẹ́yìn, ó ní: "Bàbá, ẹ̀ẹ́ jọ̀ọ́ sà, òkun ti ń gbé ìlú yẹn lọ, kí ló dé tí wọn ò kó kúrò?"

Mo pa ìwé mi dé. Òótọ́ ló sọ. Òkun ti gbé ilé, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, ó gbé itẹ́ òkú. Etíkun Màhìn tí Ayétòrò wà yẹn ò ní iyanrìn tó lè gba ìgbì dúró, ẹrẹ̀ lásán ni, omi sì ń ga sí i. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n tún gbé e fún òmíràn lẹ́yìn ìgbà yẹn, òkun ṣì ń wọlé.

Mo ní, ọmọ mi, níbo ni kí apẹja kó lọ? Àwọn bàbá wọn ti sá lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé ọwọ́ wọn ló kọ́ ọ, kí wọ́n fi ọwọ́ náà mọ ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọwọ́ lè gbẹ́ kánáàlì, ọwọ́ lè kan ọkọ̀, ọwọ́ ò lè gba òkun dúró, òkúta ńlá àti owó ìjọba ló ń ṣèyẹn, owó orí tí wọ́n sì ń san ò yàtọ̀ sí tiwa. Bó ṣe ń béèrè pé ta ló gba owó 2004 yẹn, alága dìde, mi ò tíì dé orí ọba wọn, tí oyè ẹ̀ ń jẹ́ Ògeloyinbo.