Ibo ni ọ̀rọ̀ "appetite" ti wá?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ wo ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó wà níwájú mi yìí. Ooru ṣì ń jáde lára mọ́ínmọ́ín, mi ò tíì tú ewé ara ẹ̀kọ. Ká ní ibà ń ṣe mí lónìí ni, ẹnu mi á korò bí ewúro, màá kàn máa wo oúnjẹ yìí ni. Tí mo bá wá dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì á bi mí nípa "appetite" mi, ìyẹn bóyá ó ń ṣe mí bíi kí n jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la fẹ́ tú wò.

Inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ kan, "petere": kéèyàn gbéra lọ bá nǹkan, kó máa wá a, kódà kó kọlù ú. Ẹni tó ń du ipò ní Róòmù, "petere" náà ló ń ṣe. Wọ́n fi "ad", ìyẹn "sí", ṣíwájú rẹ̀, ó di "appetere", ibẹ̀ ni "appetitus" ti jáde. Àwọn Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "apetit", nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1300, ó ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń lò ó fún nígbà náà o, ohunkóhun tọ́kàn bá fà sí ni. Kódà "petition" tí à ń kọ sí ìjọba, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ti àwọn Gíríìkì ni "orexis", láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn nawọ́. Òun ló wà nínú "anorexia" tí dókítà ń kọ sí fáìlì aláìsàn: ẹni tí kò nawọ́ sóúnjẹ mọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ará Róòmù ń lọ bá oúnjẹ, Gíríìkì ń nawọ́ sí i. Àwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé òun wu ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ ló ń wuni. Ebi ló ń pa wá, òùngbẹ ló ń gbẹ wá. Lẹ́nu Yorùbá, oúnjẹ ló máa ń wá bá èèyàn. Ìdí nìyẹn tí "ìfẹ́ oúnjẹ", tí wọ́n fi ń túmọ̀ "appetite", kì í fi í dùn létí mi, àfi bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé: "Màmá, ṣé oúnjẹ ń wù yín jẹ?"

Wọ́n á dáhùn kíá: "Ọmọ mi, láti àná, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi."