Yanrìn ò mọ kóòdù: róbọ́ọ̀tì kékeré wa tó ń tẹ́ yanrìn

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àbúrò mi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí róbọ́ọ̀tì témi àtàwọn mẹ́ta kan ṣe fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wa, mo sì mọ̀ pé kóòdù, ìyẹn àṣẹ tá a kọ fún un, lọ̀pọ̀ yín wá gbọ́. Kóòdù ọ̀hún ò kún ojú ìwé méjì. Ọwọ́ yanrìn gan-an lojú wa ti rí màbo.

Lákọ̀ọ́kọ́, Arduino Uno kan tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀, L298N kan tó ń pín iná fún motor, motor yẹ́lò mẹ́rin tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, táyà mẹ́rin, a wá kan páànù mọ́ ọn níwájú bíi ti katakata, òun ni bíléèdì tó ń gé yanrìn. Bá a ṣe gbé e sórí yanrìn báyìí, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò fún ara ẹ̀, ó ń yí lójú kan títí ikùn ẹ̀ fi jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. L298N yẹn náà máa ń jẹ tó volt méjì nínú iná, bátìrì 7.4V tá a fi ń yangàn, bóyá la rí 5.4V tó ń dé ìdí motor. A gé páìpù PVC ínǹṣì mẹ́rin ṣe táyà tó fẹ̀, a lẹ rọ́bà mọ́ ọn lára, ló bá gbéra.

Ó gbéra o, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ rí gbágungbàgun bí ọ̀nà oko. Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí yìí torí ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Bíléèdì wa wà níwájú pátápátá, tí imú róbọ́ọ̀tì bá gun òkìtì kékeré, bíléèdì á bá a gòkè, á fò yanrìn tó yẹ kó gé, tí imú bá tún sọ̀kalẹ̀ á walẹ̀, á kó òkìtì tuntun jọ, òkìtì yẹn ló tún máa gùn tó bá padà wá. Ẹ lọ wo grader tí wọ́n fi ń ṣe títì, àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ni bíléèdì ẹ̀ wà. Tí táyà iwájú bá gun ínǹṣì méjì, bíléèdì tó wà láàárín gbùngbùn ò ní gòkè ju ínǹṣì kan lọ. A fa ara tiwa náà gùn, a gbé bíléèdì sí ikùn. Ó sàn, àmọ́ kò tíì tẹ́jú.

A fi HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, sí i kó máa wọn yanrìn, ìyẹn náà ń purọ́ fún wa, torí ohùn ló ń rán lọ tó ń dúró dè, ibi tí yanrìn bá ti dagun, ohùn á ta síbòmíì.

Bàbá bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù wa wò wá títí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ náà lẹ gbé ìwọ̀n lé, báwo ló ṣe fẹ́ tẹ́jú?" Ó to páìpù méjì sílẹ̀, ó fi rọ́bà tó rọ omi sí wò wọ́n lápá méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba, ó gbé pákó gbọọrọ lé wọn lórí, ó sì fà á. Ó parí. A kàn ń wo ara wa ni.

Laser, iná tíńrín tó ń lọ tààrà, la wá fi ṣe páìpù bàbá. Laser olówó pọ́ọ́kú jókòó sórí pákó tí bàbá fi omi wọ̀n fún wa, LDR méjì, ìyẹn ohun tó ń mọ̀ bí iná bá tàn sí i, wà lórí òpó tá a kàn mọ́ bíléèdì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí bíléèdì bá rì, iná á bọ́ sí LDR tòkè, servo (motor kékeré tó ń yí débi tá a bá ní kó dé) á gbé e sókè, tó bá bọ́ sí tìsàlẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń fi laser tẹ́ oko ìrẹsì, laser tiwọn kàn ń yí po lórí òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. (Ẹ má ra servo SG90 o, eyín gíà tiwa ká lọ́jọ́ kìíní, MG996R ni kẹ́ ẹ rà.) Oòrùn ọ̀sán ń bo iná laser mọ́lẹ̀, a gé stírọ́ọ̀ dúdú, a tẹ̀ ẹ́ bọ ojú LDR, ó gbọ́.

Lọ́jọ́ tá a gbé e síwájú àwọn tíṣà, a gbé pákó lé yanrìn, ìka ò lè kọjá lábẹ́ ẹ̀, àfi ní kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí bíléèdì ò lè dé. Ìyẹn, ọwọ́ la fi tẹ́ ẹ kí wọ́n tó wọlé.