Bí A Ṣe Ń Dí Ògiri Tó Lanu: Ẹ Bomi Rin Ín Ná!

Ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn ọmọ iléèwé girama mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi yìí. Wọ́n wà ní họlidé, àwọn òbí wọn sì ní kí n kọ́ wọn níṣẹ́ díẹ̀. Ẹ wo abẹ́ fèrèsé yìí, ó lanu gbọọrọ. Aláǹgbá méjì la lé jáde níbẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi ìdí òòlù kan ògiri. Kọ́, kọ́, kọ́. Ibí yìí dára. Ẹ wá gbọ́ tọ̀hún: gbò, gbò, bí igbá òfìfo. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù, ẹ gbẹ́ gbogbo ẹ̀ dànù.

Tí ibi tó lanu yẹn bá gba búlọ́ọ̀kù já ńkọ́? Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìparí ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Tó bá fi máa di oṣù kan tó ti kọjá àmì, ẹ pe ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ lè wà ńbẹ̀.

Ẹ gbá eruku ẹ̀. Ó yá, omi! Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo eléyìí: ẹ bomi rin ògiri! Òùngbẹ ń gbẹ búlọ́ọ̀kù tó gbẹ. Á fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu kó tó le, gbogbo ẹ̀ á sì máa rún bí èlùbọ́. Yàrá tí mo rẹ́ ní Mọ́kọ́lá ní 2009, kò sán títí dòní. Omi ni.

Yanrìn tí a ti jọ̀, agolo 4. Sìmẹ́ǹtì, agolo 1. Ẹ pò ó ní gbígbẹ ná, kẹ́ ẹ tó máa ta omi sí i. Kó dúró bí àmàlà ni, kó má ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè lábẹ́ fídíò ìjẹta bóyá òun lè tún bomi lu èyí tó ti ń le: rárá o, ẹ jọ̀ọ́ sà. Agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ má po ju èyí tẹ́ ẹ máa lò tán kí wákàtí kan tó pé.

Ọmọ mi, wá. Ìbọ̀wọ́ ẹ dà? Sìmẹ́ǹtì ń jẹ awọ o. Ó dáa, fi tírówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ wọnú, má kàn pa á lójú. Tẹ̀ ẹ́! Ẹ wò ó, ẹ wọwọ́ ẹ̀! Kò di tírówẹ̀lì mú rí o!

Láti ọ̀la, láàárọ̀ lálẹ́, ọjọ́ 7 la ó fi máa wọ́n omi sí i. Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, aago 7, kálukú pẹ̀lú korobá ẹ̀.