Dúró, Ọmọ Ogun Kristi

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ṣé a jí ire? Ọlọ́run tó jí wa ní Àgbádárìgì láàárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí oòrùn òní wọ̀ mọ́ ìtìjú lórí wa.

Ìwé Mímọ́ ti òní: Éfésù 6:10–18. Ẹ di ẹsẹ 13 mú: a ní kí a gbé gbogbo ìhámọ́ra Ọlọ́run wọ̀, kí a lè dúró ní ọjọ́ ibi, nígbà tí a bá sì ti ṣe ohun gbogbo tán, kí a dúró.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orin kan wà tí mo máa ń ṣì gbọ́. Dùùrù á ké, àwọn akọrin á tò wọlé, wọ́n á ní “Ẹ ma tẹ̀ síwájú, Kristian ológun.” Ohùn orin òyìnbó kò mọ àmì ohùn tiwa, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni “ẹ má tẹ̀ síwájú.” Mo máa ń rò ó pé, irú ogun wo ni wọ́n ti ń sọ fún jagunjagun pé kó má lọ? Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti rí i pé ogun bẹ́ẹ̀ wà.

Àlùfáà ni Sabine Baring-Gould tó kọ orin yẹn, ní Horbury Bridge, ní Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àsìkò Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí abúlé kejì, kò sì rí orin tí wọn yóò máa kọ lójú ọ̀nà. Ló bá jókòó lálẹ́, ó kọ ọ́ fún wọn. Ọdún 1871 ni Arthur Sullivan tó fún un ní ohùn tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Àwọn ọmọdé tó ń rìn lọ ní tiwọn ni ọmọ ogun àkọ́kọ́ tó kọ ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ́ bíi pé ilé ìyá ọkọ yín lẹ fẹ́ lọ fọ́, ẹ gbọ́ o.

“Dúró, dúró fún Jésù” ní tirẹ̀, orí ibùsùn ikú ló ti jáde. Dudley Tyng, oníwàásù ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wàásù tako òwò ẹrú títí ìjọ rẹ̀ fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1858, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yín àgbàdo gbá ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú, ó sì fa apá rẹ̀ wọlé. Wọ́n gé apá náà, síbẹ̀ kò yè é. Ó ránṣẹ́ sáwọn ará pé kí wọ́n dúró fún Jésù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Duffield sì fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ orin. Ọmọ ọdún 33 ni Tyng. (Ti Charles Wesley, “Ọmọ ogun Krist’, dìde,” wà nínú ìwé orin rẹ̀ ti ọdún 1749. Ẹsẹ 16 ló kọ! Ká kí àwọn tó gé e kù fún wa.)

Ẹ wá wo ìlú tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, àwọn míṣọ́nnárì mẹ́ta, Ajayi Crowther, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ síbí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá níbẹ̀, tó ń retí wọn ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Crowther fúnra rẹ̀, ogun ló kó o ní Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n tà á lẹ́rú. Kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé ogun fún un. Nǹkan bí oṣù 18 ni wọ́n fi wà níhìn-ín. Wọn ò bínú padà sí Sàró. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 sì ṣì wà létí ọ̀sà títí dòní. Ìgbà tí ọ̀nà là, Crowther wọ Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ìyá tó ti bí i, lẹ́yìn ọdún 25.

Ìwọ tí ò ń retí iṣẹ́, tàbí ọmọ, tàbí lẹ́tà tí kò dé, ojú ogun lo wà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ bá wa láàyè.

Olúwa, ibi tí O fi mí ṣọ́, má jẹ́ kí n sá kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀nà Abẹ́òkúta tèmi bá dí, fi ohun tí ọwọ́ mi lè kọ́ sí Àgbádárìgì hàn mí.

Fi òtítọ́ di àmùrè fún àwọn ọlọ́jà wa, kí òṣùwọ̀n wọn má ṣe yí. Fi apata ìgbàgbọ́ bo àwọn apẹja lórí ọ̀sà, àti àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ báyìí tí wọ́n forí lé Èkó tàbí Sẹ̀mẹ̀. Kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire.

Ẹni tí mo ti ń pè ní ọ̀tá mi, Olúwa, ẹlẹ́ran-ara bíi tèmi ni. Yí ọkàn mi padà sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àti àwọn ọmọ wa tó ń wọ aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́ báyìí, fi orin sí wọn lẹ́nu lójú ọ̀nà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.

Àmín.