Ẹ Tẹ̀lé Tírélà Kan: Bí A Ṣe Ń Wọn Ilé-Iṣẹ́ Tó Ní Òun Ti Di Dígítà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Kàdúná)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. N kò wá kọ́ ará Kakuri, àdúgbò ilé-iṣẹ́ ní Kàdúná níbí, ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ́. Láti ọdún 1957 tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile ti ṣí ilẹ̀kùn ni bàbá àwọn kan nínú yín ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá síbí. Ìbéèrè kan péré ló gbé mi wá: bí máníjà bá ní supply chain òun, ìyẹn ọ̀nà tí ẹrù ń gbà láti oko dé ọwọ́ oníbàárà, ti di dígítà, pé kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri dípò bébà, kí la máa fi wọ̀n ọ́n?

Supply chain kì í ṣe awo. Àgbàdo kúrò lóko ní Giwa, tírélà gbé e dé géètì, sítọ́ọ̀ gbà á wọlé, ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ di oúnjẹ adìẹ, oníbàárà gbé e lọ sí Abuja. Bí ẹrù ṣe ń rìn ni ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ náà ń rìn: iye àpò, ìwọ̀n, owó. Àgbàdo kò lè di dígítà láéláé. Ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn là ń wọ̀n.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe àkàbà fún un. Èyí tí acatech, àjọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀rọ ní Jámánì, gbé jáde lọ́dún 2017 ní àtẹ̀gùn mẹ́fà. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìkejì, kọ̀ǹpútà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì yóò máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò mọ ìdí rẹ̀, yóò mọ ohun tó ń bọ̀, títí ètò náà yóò fi máa tún ara rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ya àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa há sí.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe sábà máa ń lo irú àkàbà bẹ́ẹ̀ ló ń bí mi nínú. Wọ́n á fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí máníjà pé kó fún ara rẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 5. Ta ni yóò fún ọmọ ara rẹ̀ ní òdo?

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo ní kí wọ́n fi ìwé yẹn sílẹ̀, mo sì tẹ̀lé tírélà àgbàdo kan. Ní géètì, mègáádì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé. Níbi ìwọ̀n, kọ̀ǹpútà wà, ó sì tẹ bébà jáde: kílò 31,480. Ọmọdékùnrin kan gbé bébà náà sáré lọ sí sítọ́ọ̀. Bàbá sítọ́ọ̀kípà kọ ọ́ sínú lẹ́jà, ó ya lẹ́jà náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Arábìnrin kan lókè tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ní ìrọ̀lẹ́, akáúńtáǹtì tún un tẹ̀ sínú software olówó ńlá tí máníjà fi ń yangàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí 31,840. Kílò 360 ti bí ara rẹ̀ láàrin àtẹ̀gùn ilé. Àwọn àpò kan tiẹ̀ ní báákóòdù, ìlà dúdú-dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, lára, irú èyí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kà ní ìsọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1974, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò ó.

Nítorí náà, ìwọ̀n tèmi kọ́kọ́ ń béèrè iye ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn tún nọ́ńbà kan náà kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí mélòó ló wà láàrin ìgbà tí ẹrù wọlé àti ìgbà tí ẹni tó nílò ọ̀rọ̀ náà rí i? Mo ń ṣe é fún ríra, ṣíṣe àti gbígbé lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Bí ibi ẹ̀rọ bá gba 5, tí sítọ́ọ̀ gba 1, ẹ ó pa wọ́n pọ̀, ẹ ó pín in sí méjì, ẹ ó kọ 3, bẹ́ẹ̀ 3 kò sí níbì kankan nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ògiri. Procter & Gamble, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Pampers, kíyè sí i nígbà kan pé ọmọ ọwọ́ kì í tọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, síbẹ̀ iye Pampers tí àwọn alágbàtà ń béèrè ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀. Oníkálukú ń fi tirẹ̀ kún un nítorí kò rí ohun tí ẹni iwájú rẹ̀ ń tà. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí alágbàtà rẹ̀ kò rí nǹkan kan, ìdajì ọ̀nà ló dé.

Ìyá kan béèrè pé ṣé ó bójú mu ká fi ìwọ̀n Jámánì wọn ibi tí iná kì í dúró. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti fi ìbéèrè kan kún un: bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, níbo ni ọ̀rọ̀ ń sá sí? Software tó lè pa á mọ́ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, sàn fún wa ju èyí tó rẹwà lọ. Bákan náà, ṣé dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ Hausa nìkan ló gbọ́ lè lò ó?

Ẹnì kan tún béèrè bóyá wọ́n ti lé bàbá sítọ́ọ̀kípà yẹn kúrò. Rárá o. Nígbà tí a yẹ gbogbo rẹ̀ wò, 31,480 ló wà nínú lẹ́jà bàbá. Orí Excel ni 4 àti 8 ti ṣí ipò fún ara wọn. Fóònù tó ń ka báákóòdù ló wà lọ́wọ́ bàbá báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́jà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì.