Bí Ẹ̀sìn Kristẹni Ṣe Tàn Kálẹ̀ Kí Késárì Tó Gbà Á

Ní nǹkan bí ọdún 112, gómìnà kan kọ lẹ́tà sí Késárì ní Róòmù, ọ̀rọ̀ ọjà ẹran sì wà nínú rẹ̀. Pliny lorúkọ gómìnà náà. Bítíníà àti Pọ́ńtù ló ń ṣàkóso, lápá Òkun Dúdú, ilẹ̀ tó bọ́ sí Tọ́kì lónìí. Ó ní ojúbọ àwọn òrìṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro, ẹran tí wọ́n fi rúbọ kì í sì í rí ẹni rà á. Ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú àwọn kan ni ọjà ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọjí. Àwọn wo? Àwọn Kristẹni. Lọ́mọdé lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, nígboro, lábúlé, títí dé oko.

Ẹni tí wọ́n bá mú wá, Pliny á bi í léèmẹta bóyá Kristẹni ni. Bó bá tẹnu mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó di pípa. Ẹni tó bá sẹ́, á sun tùràrí, á da wáìnì sílẹ̀ níwájú ère Késárì, á sì bú Kristi kó tó lọ sílé. Àwọn tó ti kúrò nínú ẹ̀sìn náà ló tú àṣírí fún un: àwọn máa ń pàdé lọ́jọ́ kan pàtó kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn á kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí Ọlọ́run, àwọn á búra pé àwọn ò ní jalè, àwọn ò ní ṣe panṣágà, àwọn ò ní jẹ owó olówó. Tó bá tún yá, àwọn á kóra jọ jẹun. Oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ náà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ Pliny lọ́rùn. Ló bá ní kí wọ́n dá ẹrúbìnrin méjì lóró, àwọn méjì tí ìjọ fi ṣe díákónì. Kò rí nǹkan kan gbà lẹ́nu wọn ju ohun tó pè ní ìgbàgbọ́ asán tó ti kọjá ààlà. Kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Késárì Trajan fèsì pé kí ó má ṣe máa wá wọn kiri, kí ó má sì gba ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kí ó jẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá já sí níyà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àwọn ẹrúbìnrin méjì yẹn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá gbọ́ bí ẹ̀sìn yìí ṣe tàn kálẹ̀, àwọn àpọ́sítélì la máa ń rántí, tàbí Késárì Constantine. Èrò tèmi ni pé irú àwọn obìnrin wọ̀nyí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn oníṣòwò ló gbé e dé ibi tó pọ̀ jù. Ẹ wá wo ẹ̀rí.

Jerúsálẹ́mù ló ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ńtíù Pílátù ṣe gómìnà Jùdíà láti ọdún 26 sí 36, abẹ́ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n sì ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ikú tí àwọn ará Róòmù fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀. Júù ni gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Tẹ́ńpìlì ni wọ́n ṣì ń lọ. Ìgbà tí inúnibíni tú wọn ká ni ọ̀rọ̀ náà dé Áńtíókù, ìgboro ńlá ní Síríà tí Júù àti Gíríìkì jọ ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pè wọ́n ní Kristẹni.

Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti dé. Àwọn tí kì í ṣe Júù ti ń wọlé: ṣé dandan ni kí wọ́n kọlà kí wọ́n tó di ọmọ ìjọ? Àwọn àgbààgbà jókòó lé e lórí ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 49, wọ́n sì ní kì í ṣe dandan. Tí wọ́n bá ti dá a lọ́nà mìíràn ni, ó ṣeé ṣe kí ìjọ yìí má ju ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn Júù lọ.

Pọ́ọ̀lù, ọmọ ìlú Tásù, ló dúró gbọin-gbọin lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bí oníwàásù, ṣùgbọ́n àgọ́ pípa ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Kọ́ríńtì, ilé Àkúílà àti Pírísílà ìyàwó rẹ̀ ló dé sí, torí àgọ́ ni àwọn náà ń pa. Tọkọtaya yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ni, torí Késárì Claudius ní kí àwọn Júù kó kúrò ní Róòmù. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́, wọ́n gbé awọ, wọ́n sì gbé ẹ̀sìn wọn dání. Gómìnà tí wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù dé iwájú rẹ̀ ní Kọ́ríńtì ni Gallio. Wọ́n rí orúkọ Gallio yìí lára òkúta kan ní Delphi ní ilẹ̀ Gíríìsì, òun ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 51 sí 52 ni Pọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí ìjọ Róòmù, kò tíì dé Róòmù rí. Ìjọ ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ò sì dárúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Bóyá oníṣòwò ni, bóyá ẹrú tí ọ̀gá rẹ̀ mú dání ni. Obìnrin ni Pọ́ọ̀lù fi lẹ́tà yẹn lé lọ́wọ́: Fébè, díákónì ìjọ Kẹnkíríà, èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ́ríńtì. Ọ̀nà tí ọmọ ogun Róòmù là fún ogun ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń gbà, èdè Gíríìkì tí àwọn ọlọ́jà ń sọ láti Íjíbítì dé Róòmù ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kò sí. Ilé onílé ni wọ́n ń lò. Ní Dura-Europos, létí odò Yúfírétì ní Síríà, àwọn awalẹ̀pìtàn wa irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ilé gbígbé lásán ni. Wọ́n wó ògiri tó wà láàárín yàrá méjì kó lè gba èrò, wọ́n sì sọ yàrá kékeré kan di ibi ìrìbọmi. Àwòrán olùṣọ́-àgùntàn tó gbé àgùntàn kọ́ èjìká wà lára ògiri rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jésù tó ń rìn lórí omi. Nígbà tí àwọn ará Páṣíà dó ti ìlú náà ní ọdún 256, àwọn ará ìlú kó yẹ̀pẹ̀ ti odi ìlú kó lè lágbára. Yẹ̀pẹ̀ bo ilé náà mọ́lẹ̀. Ogun tó ba ìlú jẹ́ ló bá wa tọ́jú àwòrán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù Róòmù rí lè rò pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jù wọ́n sí kìnnìún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inúnibíni náà máa ń ru sókè, á tún rọlẹ̀. Késárì Nero mú wọn lẹ́yìn tí iná jó Róòmù ní ọdún 64. Ní Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, wọ́n pa Perpetua, ìyá ọlọ́mọ tó tó ẹni ọdún 22, pẹ̀lú Felicitas tó jẹ́ ẹrú, ní ọdún 203. Perpetua fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́wọ̀n.

Késárì Decius ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú rúbọ, ní nǹkan bí ọdún 250. Tó o bá rúbọ tán, wọ́n á fún ẹ ní ìwé-ẹ̀rí. A ti rí àwọn ìwé náà nínú iyanrìn Íjíbítì: lágbájá ní òun ti ń bọ òrìṣà tipẹ́, òun ta ohun mímu sílẹ̀, òun tọ́ ẹran ẹbọ wò lójú ẹ̀yin ìjòyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun fọwọ́ sí i. Àwọn Kristẹni kan wá fowó ra ìwé-ẹ̀rí láìrúbọ! Orí fífọ́ ńlá ló dá sílẹ̀ fún Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage: ṣé ká gba irú wọn pa dà ni àbí ká lé wọn? Ó ní kí wọ́n ronú pìwà dà ná.

Inúnibíni tó le jù, ti Késárì Diocletian, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 303. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 313, Constantine àti Licinius, Késárì méjì tó jọ ń ṣàkóso, fún àwọn Kristẹni lómìnira. Ní 380, Késárì Theodosius sọ ọ́ di ẹ̀sìn ìjọba. Àwọn kan ní Constantine ló dá ẹ̀sìn Kristẹni sílẹ̀. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ó bá a lójú ọ̀nà ni.

Ọ̀nà yẹn ò sì parí sí Róòmù. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Tírè, Frumentius àti Aedesius, wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n kọlù ní etíkun Òkun Pupa. Wọ́n mú wọn lọ sí ààfin Áksúmù, ní Ẹtiópíà òde òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà di ẹni tí ọba fọkàn tán. Frumentius bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn oníṣòwò Kristẹni tó wà níbẹ̀ jọ fún àdúrà. Nígbà tó lọ sí Alẹkisáńdíríà láti tọrọ bíṣọ́ọ̀bù, Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, fi òun gan-an jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó sì dá a pa dà. Ọba Ezana gba ẹ̀sìn náà. Ẹ lè rí i lára owó ẹyọ rẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ ná ní àmì oṣù lẹ́ àti roboto kan lára, èyí tó ná lẹ́yìn náà ní àgbélébùú. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí ọdún 360 tó dé. Ethelbert ti Kent, ọba àkọ́kọ́ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìrìbọmi, kò gbà á títí di ẹ̀yìn tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 597. Áksúmù fi ohun tó lé ní igba ọdún ṣáájú rẹ̀.