Bí A Ṣe Ń Ra Gàrí Nínú Ẹbu ní Kétu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Gàrí tí àwọn ìyá wa ń yan ní ẹbu, ní Kétu àti abúlé tó yí i ká, là ń sọ lónìí. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó yan án, òun gan-an ni owó yín bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ ó sì rí ẹni bi léèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lò nínú àpò?”

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè yẹn. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rínrin ẹ̀gẹ́, kíkan rẹ̀ nínú àpò, fífún omi rẹ̀ àti iná agbada ló ń lé májèlé náà lọ. Ọjọ́ 2 sí 4 ló yẹ kó fi kan. Ẹni tó bá rin ín lónìí tó yan án lọ́la, gàrí rẹ̀ ò ní kan lẹ́nu, májèlé tó kù nínú rẹ̀ á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yá, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ fún un pọ̀, kí ẹ la ọwọ́. Bó bá tú ká, ó gbẹ. Bó bá dì mọ́ra, omi ṣì wà lára rẹ̀, kò sì ní pẹ́ bu. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex ní omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ẹ wò ó bóyá kókó wà níbẹ̀: iná tó le jù ló ń fà á, ẹ̀yìn kókó á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ bu gàrí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ife, ẹ rọ omi tútù kún un. Gàrí gidi á wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Eyín yín ló máa sọ bí iyanrìn bá wà.

Ti owó ńkọ́? 100 kílò ẹ̀gẹ́ tútù kì í sábà ju 20 sí 25 kílò gàrí lọ. Ẹ ṣírò igi ìdáná, owó ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ àti owó akẹ́rù mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ bá ná lówó títí èrè fi tán, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò ló máa kọ́kọ́ gé kù. Ìwọ̀n ni kí ẹ mójú tó. Ẹ yí agolo tí wọ́n fi ń wọn gàrí wò, nítorí ìdí agolo mìíràn ti wọnú. Bí ẹ bá ń ra àpò odidi, ẹ gbé òṣùwọ̀n dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á láwìn. Owó tẹ́ ẹ jẹ ìyá náà ni ì bá fi ra ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ó tilẹ̀ sàn kí ẹ san ìdajì sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì jọ dá ọjọ́. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ.

Nílé, inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ dà á sí. Bí ẹ bá bá àbùkù níbẹ̀, ẹ mú díẹ̀ padà lọ han ìyá náà kí ẹ tó sọ fún ará àdúgbò. Bó bá jẹ́ iyanrìn, ó lè jẹ́ pé wọn ò fọ ẹ̀gẹ́ náà dáadáa, tàbí pé ilẹ̀ lásán ni wọ́n tẹ́ gàrí náà sí kó lè tutù. Títẹ́ tapólì mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ lè tó láti tún un ṣe.